Aṣọ Ọrùn Ère Ni Mo Fi Ń Mọ Èyí Tó Dára

Ère akọni inú fíìmù tí owó rẹ̀ lé ní $250 kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn rà kìkì nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ojú òṣèré tí ó fẹ́ràn. Ojú ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń wò, ojú náà sì ni àwọn tó ń tà á fi ń fa ọkàn wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kó àwọn ère wọ̀nyí jọ sínú àpótí onígíláàsì nílé wa ní Èbúté-Mẹ́ta, aṣọ ọrùn wọn ni ó ń jẹ́ kí n mọ ilé-iṣẹ́ tó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó kánjú. Ojú lè tanni jẹ nínú fọ́tò. Aṣọ kì í lè purọ́ pẹ́, pàápàá jù lọ ní Èkó, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí kò dára pẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tó tú.

Àwọn ère tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí ọmọlángidi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ènìyàn gidi, nítorí náà òṣèré tí ó ga ní 180 cm yóò di ère tí ó ga ní 30 cm. Ó ní oríkèé ní ọrùn, ní èjìká, ní ìgúnpá, ní ìbàdí, ní orúnkún àti ní ọrùn-ẹsẹ̀, a sì lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kí a fi òmíràn tó di ẹ̀ṣẹ́ tàbí tó lè di ohun ìjà mú rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1964 ni Hasbro, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ní Amẹ́ríkà, gbé ère ológun tó ń jẹ́ G.I. Joe jáde ní nǹkan bí 30 cm pẹ̀lú aṣọ gidi lára rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kenner bẹ̀rẹ̀ sí í ta ère fíìmù Star Wars ní 1978, wọ́n dín in kù sí nǹkan bí 9.5 cm, èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ àwọn ère náà sì di ike tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ Hot Toys, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hong Kong ní 2000, wà lára àwọn tó gbé títóbi àtijọ́ náà padà wá tí wọ́n sì fi ojú òṣèré gan-an sí i. Sideshow ní Amẹ́ríkà, Blitzway ní Kòríà àti threezero ní Hong Kong náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí kì í fojú rí ère kí a tó sanwó. A máa ń san àsansílẹ̀, a óò dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni aṣojú tó ń bá wa kó ẹrù yóò gbé e wọ Èkó, owó ẹrù àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń dúró dè wá. Kò sí ìrọ̀rùn kankan láti dá a padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń gbé ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ ère yẹ̀ wò ju ẹni tó ń gbé ní ìlú tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú pópó.

Ní ti ojú, iṣẹ́ náà ti lọ jìnnà gan-an. Nígbà kan, ọwọ́ àti ojú oníṣẹ́-ọnà nìkan ni wọ́n fi ń mọ orí òṣèré. Nísinsìnyí, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà sábà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí náà ère tí kò jọ òṣèré rẹ̀ rárá ti ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn olówó gọbọi. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí mọ orúkọ Arnie Kim àti Yulli, ọmọ Kòríà tí wọ́n ti mọ ọ̀pọ̀ orí fún Hot Toys, wọ́n sì mọ JC. Hong tí ó ń darí bí wọ́n ṣe ń kun àwọn orí náà. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn ni pé orí tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn fún àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń rí nínú fọ́tò ìpolówó, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí yóò dé ọwọ́ wa jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kùn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìpolówó náà pé àpẹẹrẹ ni ohun tí a ń wò, pé èyí tí yóò jáde lè yàtọ̀ díẹ̀. Mo máa ń ka ìlà kékeré yẹn bí ẹni ń ka ìwé àdéhùn ilé.

Bí ère bá dé, mo máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó le, mo sì máa ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹyinjú méjèèjì gbọ́dọ̀ máa wo ibì kan náà. Funfun ojú kò gbọ́dọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní sí pupa tàbí eérú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdán tí ń fi hàn pé ojú náà tutù. Mo máa ń wo etí irun níbi tí ó ti pàdé iwájú orí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ ti máa ń ṣe gàdàgàdà. Àwọn ère kan wà tí ẹyinjú wọn ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì láti inú orí; nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ìpéǹpéjú àti ẹyinjú ni kí a wò dáadáa, nítorí bí ó bá fẹ̀ jù, ère náà yóò dà bí ẹni tó wọ ìbòjú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú ti ká mi lára jù lọ ni àwọ̀ ara àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú. Ó pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fi àwọ̀ búráùn kan ṣoṣo kun gbogbo ara, láti iwájú orí dé àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni dúdú kò rí bí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, pé oríkèé ìka máa ń ṣókùnkùn ju ìyókù ìka lọ, àti pé ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í sábà dọ́gba ní àwọ̀. Iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń gba ìmọ́lẹ̀, abẹ́ ojú àti ẹ̀gbẹ́ imú á sì dúdú sí i. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kun àwọ̀ náà lé orí ara wọn ní ìpele tín-ínrín, kí ọ̀kan máa hàn láti abẹ́ èkejì. Ẹ fi ọwọ́ ère náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kí ẹ wò ó: lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ni wọ́n fi ọ̀dà kùn, ọwọ́ sì jẹ́ ike tí wọ́n dà ní àwọ̀ tirẹ̀ láìkun ohunkóhun lé e, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó dà bí ẹni pé ó wà lára akọni náà. Àwọn oníṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ ayé àtijọ́ fi ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fà sójú ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n dà mú kí ìmọ́lẹ̀ máa rìn lórí ojú náà, nítorí náà mi ò lè gbà pé kíkun àwọ̀ wa bó ṣe yẹ le ju agbára ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìgbàlódé lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́.

A lè fi ìṣirò dín ènìyàn kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà, ṣùgbọ́n aṣọ kì í gbà. Bí ìgún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀wù òṣèré bá gùn ní 3 mm, ti ère rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 0.5 mm, èyí tó ṣòro fún ẹ̀rọ ìránṣọ láti rán láìba aṣọ jẹ́. Aṣọ tí ó nípọn ní 0.5 mm, tí ó fẹ́lẹ́ lára èmi àti ìwọ, yóò rí lára ère bí aṣọ tí ó nípọn ní 3 mm lára ènìyàn gidi. Ìdí nìyẹn tí kóòtù ère olówó pọ́ọ́kú fi máa ń dúró gbagidi, tí apá rẹ̀ kì í sì lè sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ dá lórí bí wọn yóò ṣe borí ìṣòro yìí. Wọ́n á wá aṣọ tó fẹ́lẹ́ jù lọ tí wọ́n lè rí, wọ́n á gé ibi tí a máa ń ṣẹ́ sínú kù, wọ́n á yọ aṣọ abẹ́ kúrò nínú apá níbi tí ojú kò lè dé, wọ́n á fi òwú tó tín-ínrín rán ibi tí ó hàn, wọ́n á sì tọ́jú ìyókù sí abẹ́ kọ́là àti abẹ́ bẹ́líìtì. Bí akọni náà bá ní aṣọ tí ń rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn láti èjìká tàbí kóòtù gígùn, wọ́n lè fi wáyà wẹ́wẹ́ sínú ìṣẹ́tí rẹ̀, kí aṣọ náà lè rọ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó fẹ́ bí ẹni pé atẹ́gùn gbé e.

Mo mú ère méjì lọ bá aránṣọ kan tí mo mọ̀ ní ọjà Tejúoṣó ní Yábàá, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bísọ́lá, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó ń rán aṣọ ènìyàn yóò rí lára aṣọ ère. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò fa etí ìṣẹ́tí rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ wò ó," ni ó wí. "Wọn ò rán èyí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bí ooru bá mú un dáadáa, á ṣí."

Ó gbé èkejì, ó yí òun náà padà, ó sì dákẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹni tó rán èyí kọ́ṣẹ́. Ẹ rí ibi tí apá ti wọ èjìká: ó dá apá gé lọ́tọ̀, ó kó o jọ díẹ̀ lókè kí ó tó rán an mọ́ ọn. Bí a ṣe ń rán ti ènìyàn nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí apá jókòó dáadáa lórí èjìká."

Mo bi í pé, "Ìyá Bísọ́lá, tí ẹ̀yin bá fẹ́ rà, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ wò?"

"Inú rẹ̀," ni ó dá mi lóhùn. "Òde aṣọ, gbogbo ènìyàn ló ń tún un ṣe."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo inú aṣọ ère kí n tó wo òde rẹ̀. Mo máa ń wò bóyá bọ́tìnì rẹ̀ wọ ihò gidi tàbí wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ òde, bóyá àpò rẹ̀ ṣí, bóyá òwú ń jáde ní etí rẹ̀, bóyá ìlà tàbí àwòrán ara aṣọ náà pàdé ara wọn ní ojú ìrán. Ti ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ère Black Panther, ọba tó jẹ́ akọni nínú fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ruth E. Carter ni ó ṣètò aṣọ fíìmù náà tó jáde ní 2018, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un ní 2019. Ó fi àwòrán onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ bo gbogbo ara aṣọ ọba náà, gẹ́gẹ́ bí irú ọnà tí a ń rí káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ère tí àwòrán onígun mẹ́ta yìí bá já ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ìbàdí, tí èyí tó wà ní apá kò sì bá ti àyà mu, ti kùnà níbi tó yẹ kí ó ti gbayì jù lọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Lẹ́dà ni ọ̀rọ̀ tó le jù ní ìlú wa. Ọ̀pọ̀ akọni inú fíìmù ló ń wọ̀ ọ́: Blade nínú kóòtù gígùn rẹ̀, Terminator nínú jákẹ́ẹ̀tì, Darth Vader láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Awọ ẹran gidi sábà máa ń nípọn jù fún ère, nítorí náà aṣọ tí wọ́n fi polyurethane, irú ike kan tó rọ̀, tẹ́ lójú ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò. Ó máa ń dán, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń rẹwà gan-an ní ọjọ́ tí a bá ṣí páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Omi náà ń tú ohun tó so ojú lẹ́dà náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kí iṣẹ́ yìí yá. Àkọ́kọ́, dídán rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn náà, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí kí ó sán ní ìgúnpá, ní èjìká àti ní orúnkún. Níkẹyìn, á máa bó ní wẹ́wẹ́ títí tí aṣọ abẹ́ rẹ̀ yóò fi hàn. Ní Èkó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń ju 80% lọ ní òwúrọ̀, àwa tí a sì wà nítòsí ọ̀sà ní Èbúté-Mẹ́ta mọ̀ pé àyàfi nígbà ọyẹ́ ni ilé máa ń gbẹ dáadáa.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ère àtijọ́ mọ̀ ni pé ìbàjẹ́ yìí kì í dúró kí a tó ṣí páálí. Ère oní-lẹ́dà tó ti pé ọdún mẹ́wàá nínú páálí tí wọn kò tíì ṣí lè ti bó tán nínú ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń bù lé e á ju ti èyí tó ti ṣí lọ. Mo fẹ́ràn èyí tó ti ṣí, tí mo lè rí. Mo máa ń tẹ ìgúnpá rẹ̀ díẹ̀ láti wo bóyá ojú ìṣẹ́po náà yóò padà bọ̀ sípò tàbí yóò di ìlà funfun tí kò lọ mọ́. Ère oní-lẹ́dà tí mo bá sì rà, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nínà nínú àpótí mi, nítorí pé ibi tó bá wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sán. Mi ò gbà kí ènìyàn di ère sínú ọ̀rá pinpin, nítorí ike PVC tí wọ́n fi ṣe orí àti ọwọ́ ní ohun tí wọ́n fi mú un rọ̀, ohun náà á sì máa yọ jáde títí ara ère yóò fi máa lẹ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá lọ sí i. Àpótí onígíláàsì tó ní àlàfo díẹ̀, tó jìnnà sí fèrèsé, tí a fi àwọn àpò kékeré tí ń fa omi sínú rẹ̀ tí a sì ń pààrọ̀ wọn, ni mo rí i pé ó bá ilé Èkó mu. Aṣọ dúdú tún lè ta àwọ̀ sára ike tí kò ní àwọ̀ púpọ̀, nítorí náà ó dára kí a máa bọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ère tó ń tan iná, kí a yọ bátìrì rẹ̀ kí a tó gbé e pa mọ́.

Ní kúkúrú ni n ó sọ ti oríkèé. Àwọn kan gbà pé ère tó bá wúwo ló dára, pàápàá nítorí àwọn ère Iron Man, akọni tó ń wọ ìhámọ́ra irin, tí wọ́n fi irin tí zinc pọ̀ nínú rẹ̀ dà. Irin máa ń fúnni ní ìtutù àti ìwúwo tí ike kò ní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo náà ń fa ìbàdí àti ọrùn-ẹsẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà oríkèé tó ní eyín, tó ń ró kẹ-kẹ-kẹ bí a bá ń yí i, ni ó yẹ kí ó gbé e ró. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan síwájú, kí n fi ère náà sílẹ̀ láìsí ìdúró lẹ́yìn rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ti tẹ̀ síwájú ní òwúrọ̀, oríkèé rẹ̀ kò lágbára. Bí ọrùn tàbí ọrùn-ọwọ́ bá le jù, ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun ni kí a fi mú un gbóná díẹ̀. Bí a bá fi ipá ṣe é, ọ̀pá kékeré inú ọrùn-ọwọ́ ló máa ń kán.

Ayédèrú náà wà, wọ́n sì ti ń dára sí i. Wọ́n lè da orí ère gidi kọ, àmọ́ orí tí wọ́n da kọ máa ń dín díẹ̀ ní títóbi, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ á sì ti rọ̀, nítorí pé ohun tí a fi da á máa ń súnkì bí ó ti ń gbẹ. Òórùn ọ̀dà máa ń le nínú páálí rẹ̀, àmì ẹni tó ni fíìmù náà kì í sì hàn ketekete. Ṣùgbọ́n bí ojú bá tan mí pàápàá, aṣọ ni mo máa ń padà sí, torí pé àwọn aṣayédèrú kì í ná owó sórí ìránṣọ. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ tà fún mi láàárín Èkó bá fi fọ́tò ránṣẹ́, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fi fídíò kan ránṣẹ́ láìtan iná kankan, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó yọ jákẹ́ẹ̀tì náà kí ó sì yí inú rẹ̀ síta, kí ó ká ìgúnpá lẹ́ẹ̀kan kí ó sì nà án padà. Bí ó bá ní òun kò lè yọ aṣọ náà, owó mi á dúró sí àpò mi, bó ti wù kí ojú ère náà jọ òṣèré tó.